Ikọ̀ San Francisco ti 1951: àwọn wo ni kò pè wọ́n, kí ló sì pa ikọ̀ náà rẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Kalifọ́níà ló sọ ìtàn kan fún wa nígbà tó wálé fún ìsinmi. Ó ní ní 1951, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì San Francisco borí gbogbo ẹni tó bá pàdé, síbẹ̀ wọn kò pè wọ́n sí ìdíje kankan ní ìparí ọdún nítorí pé aláwọ̀ dúdú méjì wà nínú wọn, àti pé lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ikọ̀ ọ̀hún rẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n bá figagbága ni kò lágbára, òun ni ẹnikẹ́ni kò ṣe kà wọ́n sí. Ta ló jàre nínú wọn? Kí sì ló lè mú kí ilé-ẹ̀kọ́ pa ikọ̀ tí kò pàdánù rẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n àbúrò yín náà kò sọ̀rọ̀ asán, torí pé nǹkan méjì ni ìtàn tí ẹ gbọ́ yìí so mọ́ra, ó sì yẹ kí á tú wọn sílẹ̀. Èkíní ni pé wọn kò pe ikọ̀ náà. Àwọ̀ ara agbábọ́ọ̀lù méjì, Ollie Matson àti Burl Toler, ló wúwo jù nínú ìyẹn. Èkejì ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ikọ̀ rẹ̀ rẹ́. Owó ló fa ìyẹn, ìṣòro owó náà sì ti wà nílẹ̀ kí ọdún ìdíje 1951 tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, òun ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Kí ọ̀rọ̀ àìpè yìí tó lè yéni, ó yẹ kí á mọ bí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe ń parí ọdún bọ́ọ̀lù wọn nígbà náà. Kò sí líìgì kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn pọ̀, kò sì sí àṣekágbá tí ẹni tó bá ti ń borí yóò kàn bọ́ sí láìbéèrè. Àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá ló ń dìbò láti to àwọn ikọ̀ ní ipò, wọ́n sì máa ń parí ìbò náà kí ọdún tuntun tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìdíje àpèwá tí wọ́n ń pè ní Bowl: ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní, tàbí ọjọ́ tó sún mọ́ ọn, àwọn ìlú kan á pe ikọ̀ méjì wá figagbága ní pápá wọn. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò àti gbajúmọ̀ ìlú ló ń yan ẹni tí wọ́n máa pè. Wọ́n ń wo agbára, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wo ikọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ yóò wọ rélùwéè wá, tí wọn yóò sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọn yóò jẹ, tí wọn yóò mu. Wọ́n sì ń wo ikọ̀ tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn ní ìlú. Ẹni tí wọn kò bá pè kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ lọ.

Èyí tó lórúkọ jù nínú àwọn Bowl wọ̀nyí ni Rose Bowl ní Pasadena, Sugar Bowl ní New Orleans, Orange Bowl ní Miami àti Cotton Bowl ní Dallas. Gator Bowl ti Jacksonville àti Sun Bowl ti El Paso tẹ̀lé wọn. Tí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé Rose Bowl nìkan ni kò sí ní Gúúsù. Òun gan-an ló sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa fún ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́, torí pé láti 1946 ni àdéhùn ti wà pé ikọ̀ kan láti Pacific Coast Conference àti ikọ̀ kan láti àjọ ìdíje tí a mọ̀ sí Big Ten lónìí ni yóò máa pàdé níbẹ̀. San Francisco kò sí nínú àjọ ìdíje kankan nínú méjèèjì. Stanford tó jẹ́ aládùúgbò wọn ló lọ sí Rose Bowl lọ́dún náà, Illinois sì nà án ní 40 sí 7. Àwọn tó ń sọ ìtàn San Francisco kì í sábà dárúkọ àdéhùn yìí, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ikọ̀ tó dá dúró ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn kò ní ibòmíràn tó lè lọ àfi ìpínlẹ̀ bíi Louisiana, Florida àti Texas, níbi tí òfin ti ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ láti ilé-ìwé títí dé ibi tí wọ́n ti ń mu omi.

Irú ènìyàn wo wá ni wọ́n jẹ́? Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti àwọn àlùfáà Jesuit ti ìjọ Kátólíìkì ni Yunifásítì San Francisco, Dons sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Joe Kuharich, tó ti ṣeré fún Notre Dame nígbà èwe rẹ̀, di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní 1948. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1944 sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ti ojú ogun dé, nítorí náà àgbà ọkùnrin tó ti fojú rí nǹkan pọ̀ nínú àwọn ikọ̀ yunifásítì ìgbà náà, tí wọn kò sì rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà. Gino Marchetti, ọmọ àwọn ará Ítálì kan ní ìlú Antioch, ti wà nídìí ìbọn arọ̀jò-ọta ní Yúróòpù kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún; nígbà tó wá gbìyànjú láti wọ inú ikọ̀ náà, jákẹ́ẹ̀tì awọ àwọn oníalùpùpù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bob St. Clair ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ lọ, ẹran tútù ló sì máa ń jẹ láìsè. Ed Brown ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pete Rozelle, tí kò wọ bàtà agbábọ́ọ̀lù rárá, ló ń kọ ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Ọmọ Gúúsù ni àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìlú Trinity ní Texas ni wọ́n ti bí Matson, Memphis ní Tennessee sì ni ti Toler. San Francisco ni wọ́n ti pàdé, nígbà tí àwọn méjèèjì ń ṣeré fún City College ìlú náà ní 1948, tí ikọ̀ ibẹ̀ náà kò sì pàdánù lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n jọ kọjá sí yunifásítì, Matson ló gba òkìkí, torí pé òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ohun tí gbogbo ojú ń wò nìyẹn. Iṣẹ́ Toler ni láti dá ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù dúró, ẹni tó bá sì mọ eré náà dunjú nìkan ló ń mọ iyì ìyẹn. Ní 1951, Matson gbé bọ́ọ̀lù sáré 1,566 yáàdì nínú ìdíje mẹ́sàn-án, èyí tó jẹ́ 174 ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó sì gba touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò) 21 wọlé. Kò sí agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó sáré tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Tí bọ́ọ̀lù bá sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn alátakò, kì í jókòó sinmi. Ó máa ń wà nínú àwọn tó ń dènà pẹ̀lú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò fún ẹ̀bùn Heisman tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù, ipò kẹsàn-án ni wọ́n fi í sí, Dick Kazmaier ti Princeton ló sì gbà á.

Nínú ìdíje mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, èyí tó tọ́ kí á dúró lé lórí ni ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹ́wàá, nígbà tí wọ́n rìn láti etíkun kan dé èkejì lọ bá Fordham ní New York. Ní New York ni àwọn akọ̀ròyìn tí ọ̀rọ̀ wọn ń rìn jákèjádò ilẹ̀ náà wà. Tí ikọ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn bá ń borí ní ilé rẹ̀ nìkan, àwọn tó ń dìbò lè má gbọ́ rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, torí pé Fordham kò gbà rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Fordham gbá bọ́ọ̀lù sókè sí ìhà tiwọn láti tún eré bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Matson gbà á mọ́yà nítòsí ìlà ilé rẹ̀, tó sì sáré la gbogbo alátakò kọjá dé òpin pápá, yáàdì 94 nígbà kan, yáàdì 90 nígbà kejì. Ẹni tó bá ti wo eré yìí mọ̀ pé ọ̀kan péré nínú irú eré sísá bẹ́ẹ̀ tó ohun tí agbábọ́ọ̀lù yóò máa sọ fún ọmọ rẹ̀. 32 sí 26 ni wọ́n fi parí rẹ̀, ìdíje yẹn nìkan ló sì sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Ọjọ́ kan náà yẹn, ní Stillwater ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí àbúrò yín mọ̀. Johnny Bright, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣeré fún Drake, ti fa bọ́ọ̀lù lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró ní tirẹ̀, ó ń wo ibi tí eré gbà lọ, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Oklahoma A&M kan sáré tọ̀ ọ́ wá tó fi apá gbá a ní àgbọ̀n. Láàárín ìṣẹ́jú méje àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n lu Bright dákú, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn ayàwòrán méjì láti ìwé ìròyìn Des Moines Register, John Robinson àti Don Ultang, ti ya gbogbo rẹ̀ ní tẹ̀léńtẹ̀lé, àwòrán wọn sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1952. Kò sẹ́ni tí àjọ ìdíje tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wà nínú rẹ̀ fìyà jẹ. Drake fi ìbínú kúrò nínú àjọ náà. Irú ọdún tí 1951 jẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń yan ikọ̀ fún Bowl ka ìwé ìròyìn kan náà, wọ́n sì rí àwòrán kan náà.

Ní oṣù Kọkànlá, ìdíje méjì ló kù tó wúwo. Wọ́n lọ bá College of the Pacific ní Stockton, ikọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó lágbára, wọ́n sì nà án ní 47 sí 14. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá Loyola ti Los Angeles, wọ́n borí ní 20 sí 2, ọdún sì parí láìsí àbùkù. Ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sọ léraléra títí wọ́n fi darúgbó ni pé Kuharich jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nílẹ̀: ọ̀nà Bowl lè ṣí sílẹ̀ tí wọ́n bá fi Matson àti Toler sílé. Wọ́n kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí rẹ̀, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ní àríyànjiyàn wáyé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ti dáhùn. Ẹ rántí pé púpọ̀ nínú wọn kò rí owó kankan nínú eré náà, àti pé Bowl ni ẹ̀san kan ṣoṣo tó wà níwájú ẹni tó ṣeré dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sọ nù, ẹni tó bá sì pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré kò mọ bí ojú ọmọkùnrin ogún ọdún ṣe ń wà lára irú ìdíje bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín lè béèrè pé lẹ́tà wo ni ìgbìmọ̀ kan kọ tó sọ bẹ́ẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í gba lẹ́tà. Ó ti pẹ́ tí àṣà kan ti wà láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Àríwá àti ti Gúúsù pé bí wọ́n bá fẹ́ pàdé, àwọn ti Àríwá yóò fi agbábọ́ọ̀lù wọn tó jẹ́ dúdú sílé, gbogbo ẹni tó ń ṣètò ìdíje ló sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó yí padà lẹ́yìn ogun ni pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kò ṣe mọ́. Ní 1946, Penn State fagi lé ìdíje tó yẹ kí wọ́n lọ ṣe ní Miami nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1948, Penn State kan náà kó Wallace Triplett àti Dennie Hoggard lọ sí Cotton Bowl ní Dallas, wọ́n sì gbá 13 sí 13 pẹ̀lú Southern Methodist. Ṣùgbọ́n ibùdó àwọn ológun ojú omi lẹ́yìn ìlú ni gbogbo ikọ̀ sùn sí, nítorí pé hòtẹ́ẹ̀lì ìlú kò ní gba àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ní ìparí ọdún 1948 yẹn, Sun Bowl pe Lafayette, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Pennsylvania, ó sì ní David Showell kò lè ṣeré nítorí pé ó jẹ́ dúdú. Lafayette kò lọ. Sugar Bowl ní tirẹ̀ kò rí agbábọ́ọ̀lù dúdú kan lórí pápá rẹ̀ títí di 1956, nígbà tí Bobby Grier wá pẹ̀lú Pittsburgh, gómìnà Georgia sì ti sapá láti dí ìdíje náà lọ́wọ́. Tí ẹ bá fi San Francisco sí àárín gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ ó rí i pé kò sí ohun àjèjì nínú ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sọ.

Ó wá kù sí ohun tí àbúrò yín sọ. Òótọ́ ni pé àkójọ àwọn tí wọ́n bá figagbága kò wuni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pàdé San José State. Wọ́n pàdé Idaho. Wọ́n tún pàdé ikọ̀ àwọn ológun méjì, ti Camp Pendleton àti ti ibùdó ojú omi San Diego. Yunifásítì California kò sí níbẹ̀, Stanford kò sí níbẹ̀. Ipò kẹrìnlá ni àwọn akọ̀ròyìn fi wọ́n sí nínú ìbò ìkẹyìn, ikọ̀ tí kò sì tí ì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò lè bínú jù tí Sugar Bowl bá yan Maryland àti Tennessee ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ni agbára ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Àìlágbára rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kò ní èrè kankan nínú pípàdé ikọ̀ kékeré tó lè nà án, nítorí náà àwọn tó bá gbà láti ṣeré pẹ̀lú San Francisco ni San Francisco rí bá ṣeré. Wọ́n wá fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi nígbà tó yá.

Ẹ̀rí kan wà tí àwọn tó bá ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí máa ń lò ní ìhà méjèèjì, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i dáadáa. Pacific, tí San Francisco nà ní 47 sí 14, tí ó sì pàdánù ìdíje mìíràn lọ́dún náà, rí ìpè gbà. Sun Bowl pè é lọ sí El Paso, Texas Tech sì borí rẹ̀ ní 25 sí 14. Bí agbára àwọn alátakò bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kí ló dé tí ẹni tí wọ́n nà bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹni tó nà án jókòó sílé? Ṣùgbọ́n Pacific náà ní agbábọ́ọ̀lù dúdú kan, Eddie Macon, tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ikọ̀ náà, nítorí náà àwọ̀ ara nìkan kọ́ ni El Paso wò lọ́dún náà. Bí mo ṣe kà á sí ni pé odi náà ti ń sán ní ìlú kan tàbí méjì ní Texas, Dallas ṣáájú, El Paso tẹ̀lé e, nígbà tó ṣì dúró gbọn-in ní Miami, Jacksonville àti New Orleans. Ẹni tó bá fi Macon sọ pé kò sí odi rárá ń fi ihò kan sọ pé ògiri kò sí.

Ní ti àwọn méjì náà, ayé wọn kò bàjẹ́. Nígbà tí àwọn ikọ̀ agbowó-ṣeré ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 1952, Chicago Cardinals mú Matson ní ipò kẹta nínú gbogbo Amẹ́ríkà. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó lọ sí Òlíḿpíìkì ní Helsinki, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú eré sísá 400 mítà àti ti fàdákà nínú eré àfọwọ́fà mítà 400 ọ̀nà mẹ́rin. Ní 1959, ikọ̀ Rams fi agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tó sì jókòó nídìí ìdúnàádúrà náà fún Rams ni Pete Rozelle, akọ̀ròyìn San Francisco àtijọ́, tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá àgbà gbogbo NFL, líìgì àwọn ikọ̀ agbowó-ṣeré, ní oṣù Kínní tó tẹ̀lé e. Orúnkún Toler bàjẹ́ nínú ìdíje àwọn àṣàyàn ní 1952, kò sì ṣeré mọ́. Ó di olùkọ́ ìṣirò, ó di ọ̀gá ilé-ìwé ní San Francisco, ní 1965 ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe adarí eré ní NFL. Marchetti àti Matson wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni eré náà ní 1972, St. Clair wọ ọ́ ní 1990; mẹ́ta láti inú ikọ̀ yunifásítì kan ṣoṣo ní ọdún kan ṣoṣo, láìka Rozelle tó wọ ọ́ ní 1985. Yunifásítì náà fún àwọn tó kù láyé nínú wọn ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdálọ́lá ní 2006.

Ìbéèrè yín kejì wá, pé kí ló mú ilé-ẹ̀kọ́ pa irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ìparí oṣù Kejìlá 1951, kò sì yẹ kí ó ya ẹni tó mọ ipò àwọn aládùúgbò wọn lẹ́nu. Saint Mary's, ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan ní àdúgbò yẹn, ti pa tirẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọdún 1950. Loyola, tí wọ́n bá parí ọdún, ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn 1951 gan-an. Santa Clara tẹ̀lé wọn lẹ́yìn 1952. Ọ̀nà tí owó fi ń jáde ti pọ̀ ju ọ̀nà tí ó fi ń wọlé: lẹ́yìn ogun, àwọn ikọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo agbábọ́ọ̀lù ọ̀tọ̀ fún ìkọlù àti ọ̀tọ̀ fún ìdènà, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò bọ́, tí yóò wọ̀ láṣọ, tí yóò sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn tó fi owó ìjọba kàwé lẹ́yìn ogun ti ń jáde tán, ogun Kòríà sì ti ń kó ọ̀dọ́ mìíràn lọ. Ní pápá Kezar tí Dons ti ń ṣeré, ikọ̀ agbowó-ṣeré 49ers ti dé láti 1946, nítorí náà ará San Francisco tó fẹ́ fi owó rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀ ní ibòmíràn tó lè ná an sí. Tẹlifíṣọ̀n sì ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti wo eré láìjáde nílé.

Ṣé owó Bowl ì bá gbà wọ́n là? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà gbà pé ì bá ṣe é. Owó Orange Bowl kan ì bá san gbèsè tó wà nílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ikọ̀ náà ṣeré ní 1952. Ṣùgbọ́n kò ní lé 49ers kúrò ní Kezar, kò ní sọ iye agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n nílò di ìdajì, kò sì ní mú Stanford gbà láti bá wọn ṣeré. Lójú tèmi, ọdún kan tàbí méjì ni yóò fi kún ọjọ́ orí rẹ̀. St. Clair, tí ó ṣẹ́ku ọdún kan fún un nínú eré yunifásítì, ní láti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Tulsa láti parí rẹ̀. Nígbà tí San Francisco tún dá bọ́ọ̀lù yìí sílẹ̀ ní 1959, ní ìwọ̀n kékeré ni, wọ́n sì tún pa á tì pátápátá ní 1971.

Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wá kó okun rẹ̀ lọ ni àwọn eré tí kò gba ènìyàn púpọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n pa ikọ̀ Kuharich rẹ́, Bill Russell ti gba ife yunifásítì gbogbo Amẹ́ríkà fún wọn nínú basketball, ní 1955, ó sì tún gbà á ní 1956. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa mọ̀ náà wọlé sí wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà tó wo Green Eagles ti lè mọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí: Andy Atuegbu wà nínú ikọ̀ tó gba ife wọn ní 1975 àti 1976, Godwin Odiye náà sì lọ kàwé, ó lọ ṣeré níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.